Ààlè Lórí Òkúta Khàdíjàt

Inú Kàsímù bíríkìlà dùn nígbà tó wọlé láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìyẹn gan-an ló sì yẹ kó kọ́kọ́ ba àwọn ará ilé rẹ̀ lẹ́rù, nítorí láti ọdún Iléyá ni inú ọkùnrin náà kò ti dùn mọ́. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ìrì ti rẹ, ó ní kí Gbémi ọmọ òun bu omi wá.

"A ti bá a yanjú ẹ̀," ó wí. "Àwa ẹgbẹ́ bíríkìlà ti fi màrìwò sí i. Òní ni Àgànyìn á mọ̀ pé Ìkéré ní onílé."

Khàdíjàt ìyàwó rẹ̀ wà nídìí iná, ó ń yọ iṣu jáde nínú ìkòkò. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ẹ fi màrìwò sí kí ni?"

"Sórí òkúta ẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ tó kó jọ síwájú ulé Ládélé, èyí tó fẹ́ fi da dékìn lónìí. A kírun tán ni a kọrí síbẹ̀. Alága ní kí n fọwọ́ ara mi gbé ààlè náà lé e, mo sì gbé e lé e. Ká wá rí ọmọ ìyá ẹni tó máa fọwọ́ kàn án."

Khàdíjàt da iṣu sínú abọ́, ó bu epo sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó wọ́n iyọ̀ lé e, ó gbé e síwájú ọkọ rẹ̀.

"Ẹja dà?" Kàsímù bi í.

"Ẹja wà lọ́jà."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà: òkúta yẹn kì í ṣe ti Àgànyìn. Ti Khàdíjàt ni. Láti ìgbà tí òjò ti dáwọ́ dúró ló ti wà lábẹ́ òkè pẹ̀lú àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń jó táyà gbígbó lórí àpáta kó lè sán, tí wọ́n ń fi òòlù fọ́ ọ títí á fi wẹ́. Èéfín táyà ti wọ̀ ọ́ láyà débi pé tó bá wúkọ́, dúdú ló ń tu jáde. Àgànyìn bá a ṣàdéhùn pé ọjọ́ tí dékìn, ìyẹn àjà kọnkéré ilé náà, bá dà tán lòun yóò sanwó. Owó yẹn ni Gbémi fẹ́ fi wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yìí ni wọn yóò sì ti ìwọlé. Bí kò bá sí owó, Gbémi ń lọ sí Èkó lọ́jọ́ Ajé nìyẹn, láti lọ máa bá ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin ta ọjà ní ṣọ́ọ̀bù, tí yóò máa sùn sí ilẹ̀ páálọ̀. Khàdíjàt kò sì lè sọ fún ọkọ rẹ̀ pé Àgànyìn ni òun tà á fún, nítorí Kàsímù ti búra níwájú gbogbo ará ilé pé òkúta kan kò ní ti ilé òun lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin náà. Ó wá purọ́ fún un pé agbaṣẹ́ṣe kan ní Emùré ló rà á.

Ọdún kejì tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀ nìyí. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti kún Adó títí, ilé ti di góòlù níbẹ̀, wọ́n wá ń ya wá sí Ìkéré. Gbogbo ẹni tó ní ilẹ̀ ló fẹ́ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹni tó bá gbọ́ báyìí á rò pé àwọn bíríkìlà wa ń lérí pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún wọn. Irọ́ ni. Àwọn onílé ti gbọ́ pé àwọn ará Tógò mọ dékìn dà, wọ́n mọ ògiri rẹ́ kó dán, wọ́n kì í sì í mutí síbi iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni Kómlà, tí gbogbo ìlú ń pè ní Àgànyìn bí ẹni pé ìyá rẹ̀ kò sọ ọ́ lórúkọ, ṣe kó àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wá láti Lomé. Rédíò ń pariwo ìdàgbàsókè láti àárọ̀ dalẹ́. Kàsímù tó ti ń mọlé láti ìgbà èwe rẹ̀ ń fọwọ́ lẹ́rán nílé. Ọ̀rọ̀ náà sú ènìyàn.

Kàsímù ń jẹ iṣu rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Jọkẹ́ wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Aládùúgbò wọn ni, òun náà ń fọ́ òkúta lábẹ́ òkè, ẹnu rẹ̀ kì í sì í mọ ìgbà tó yẹ kó pa dé.

"Ẹ kú ùdájí o, ará ulé yìí. Khàdíjàt, o ò tíì gbọ́? Wọ́n ti pààlè sórí òkúta ẹ! Àwọn lébìrà ti kọ̀ láti fọwọ́ kàn án. Típà yanrìn dé, awakọ̀ rí màrìwò, ó yí orí ọkọ̀ padà. Àgànyìn kàn jókòó sórí àpò sìmẹ́ńtì. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó dáa fún ẹni tó gbé e —"

"Jọkẹ́, dákẹ́," Khàdíjàt wí.

Ìgbà yẹn ni Jọkẹ́ rí Kàsímù lórí àpótí. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti balẹ̀, ó ti fọ́. Ó ní òun gbé nǹkan kaná nílé, ó sì lọ.

"Òkúta ta ni Jọkẹ́ ń wí?"

Gbémi wá gbé kẹ́ẹ̀tù tí kò tíì hó kúrò lórí iná.

"Yèyé Gbémi, mo ní òkúta ta ni?"

"Tèmi ni."

"O sọ fún mi pé o tà á fún ará Emùré."

"Urọ́ ni mo pa."

"Urọ́! Nínú ulé mi!" Kàsímù dìde, abọ́ iṣu dà sílẹ̀. "Fún ẹni tó gba uṣẹ́ lọ́wọ́ mi!"

"Kò gba ulé Ládélé lọ́wọ́ yín. Ẹgbẹ́ yín ló mọ odi rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, odi wó, ó pa ewúrẹ́ rẹ̀."

"Kì í ṣe èmi ni mo mọ ọ́n!"

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹni tó mọ ọ́n ló ń ṣe alága yín."

Kàsímù bẹ̀rẹ̀ sí rìn síwá sẹ́yìn nínú àgbàlá. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti walẹ̀, ohùn tó walẹ̀ yẹn ló sì ń dùn ènìyàn jù.

"Wò ó, Khàdíjàt. Àwọn ọmọ tó kó wá, yàrá kan ni gbogbo wọn ń sùn. Gààrí ni wọ́n ń mu. Wọ́n lè gba owó tí mi ò lè fi bọ́ ẹ̀yin. Tí ulé yẹn bá parí, á kó owó lọ fi kọ́lé tiẹ̀ ní Lomé. Èmi ni mo wà níbí. Èmi ni wọ́n ń bi léèrè owó orí, èmi ni wọ́n ń pè tí afárá bá já. Tí òkú bá kú ládùúgbò, ṣé Àgànyìn ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ sí? Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi?"

"Ẹ ò lẹ́ṣẹ̀," ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn. "Mi ò sọ pé ẹ lẹ́ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó dé, ta ló ń ra òkúta lọ́wọ́ wa? Búlọ́ọ̀kù àti páànù ni ẹ̀yin mọ̀. Òun ló ń da dékìn. Gbogbo obìnrin tó wà lábẹ́ òkè yẹn, òun ló jẹ́ kí ìkòkò wọn gbóná. Ṣé kí n wá ní mi ò fẹ́ owó rẹ̀ nítorí ahọ́n rẹ̀ le lórí èdè wa? Bàbá tiyín ńkọ́, níbo ló ti kọ́ uṣẹ́ tó fi kọ́ yín? Ṣebí ní Kùmásì ni. Ṣé wọ́n pààlè fún un níbẹ̀?"

"Wọ́n lé e!" Kàsímù ké. "Wọ́n lé e o! Ẹrù tó lè gbé lórí nìkan ló gbé dé Ìkéré."

Adìyẹ kan wá ń ṣa iṣu tó dà sílẹ̀ jẹ, ẹnikẹ́ni kò lé e.

"Ẹ ò wá rí i pé ó ń dùn yín títí dòní," Khàdíjàt wí.

Gbémi tó ti dákẹ́ láti àárọ̀ bá fọ̀. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. "Bàbá, ẹ má jà mọ́. Ẹ jẹ́ kí n máa lọ sí Èkó. Ṣọ́ọ̀bù náà kò burú."

Kàsímù wo ọmọ náà. Ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde.

Abẹ́ igi máńgòrò létí ọ̀nà ọjà ni ẹgbẹ́ bíríkìlà ń jókòó sí láti dúró de iṣẹ́. Iṣẹ́ kì í sábà dé, ayò ni wọ́n ń ta. Àlàáfíà wọn pọ̀ láàárọ̀ náà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń bá Kàsímù ṣàwàdà pé akọni dé. Sunday tó kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dìde fún un níjòókòó. Kàsímù kò jókòó. Ó fa alága sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bàbá Ṣògo ni wọ́n ń pe alága náà, aṣọ funfun ló sì wọ̀ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe aṣọ iṣẹ́.

"Alága, òkúta tí mo pààlè sí yẹn, ìyàwó mi ló ni ín."

"Mo mọ̀."

Kàsímù rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. "Ẹ mọ̀?"

"Ta ni kò mọ̀ ní gbogbo Ìkéré àfi ìwọ?" Bàbá Ṣògo rẹ́rìn-ín, ó gbá a léjìká. "Ùdí nìyẹn tí mo fi ní kí ìwọ fọwọ́ ara ẹ gbé e. Ẹni tó bá pààlè ló ń tú u. Bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló gbé e, ìyàwó ẹ á ti lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ìwọ ńkọ́? Mo mọ̀ pé o ò ní da ẹgbẹ́."

"Ẹ jẹ́ kí n lọ yọ ọ́, alága. Owó ilé-ìwé ọmọ mi ló wà ńbẹ̀."

"O máa yọ ọ́. Tí Àgànyìn bá ti kó ẹrù ẹ̀. Mo ń lọ bá Ládélé báyìí. Àwa la máa da dékìn yẹn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Òkúta kò ní ṣòfò, mo máa rà á lọ́wọ́ ìyàwó ẹ. Mo máa fún un ní ìdajì owó ẹ̀. Òkúta tí wọ́n ti pààlè sí, ta ló tún ń fẹ́ ẹ?"

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Kàsímù tún bi í léèrè.

"Èmi ńkọ́? Ṣé mo wà nínú àwọn tó máa ṣe uṣẹ́ náà?"

Bàbá Ṣògo wo ọwọ́ Kàsímù, kò wo ojú rẹ̀. "A máa wò ó. O mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ pọ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n Kàsímù, gbọ́ o: bí o bá yọ màrìwò yẹn kí ẹgbẹ́ tó ní kí o yọ ọ́, má padà wá sábẹ́ igi yìí mọ́."

Bí ẹ bá bi mí, èmi yóò ní kò sí àjèjì tó lè rẹ́ ọmọ ìlú jẹ bí ọmọ ìlú. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò bi mí. Kàsímù kọjá láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó gba ọ̀nà ìlú Ìṣẹ́ lọ síbi ilé Ládélé.

Oòrùn ti mú nígbà tó dé ibi iṣẹ́. Ọparun ti dúró gbọn-in lábẹ́ píláńkì, irin ti wà ní dídì lókè, ohun gbogbo ti ṣetán, kò sẹ́ni tó ń ṣe nǹkan kan. Àwọn lébìrà tó kù sùn sábẹ́ odán. Ìdajì wọn ti lọ sílé. Ládélé onílé, tó fẹ̀yìntì dé láti Èkó, fọwọ́ kọ́ ìbàdí, ó ń sọ̀rọ̀ sókè pé bí sìmẹ́ńtì òun bá dì nítorí òṣèlú àwọn bíríkìlà, òun yóò ti géètì, òun yóò padà sí Èkó, kí olúkúlùkù lọ jẹ màrìwò. Kómlà wà lórí àpò sìmẹ́ńtì, ọkùnrin kúkurú kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun. Khàdíjàt ti dé síbẹ̀ ṣáájú ọkọ rẹ̀. Ó dúró ti òkúta rẹ̀, ó fi páànù tó fi ń ru òkúta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀, kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Màrìwò náà ti ń rọ lórí òkìtì.

Àìmọye ìgbà ni ìmáàmù ti sọ ọ́ pé ewé ọ̀pẹ lásán ni, pé kò lè pa ẹnikẹ́ni. Kàsímù mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì gbà á gbọ́. Ẹnu ènìyàn ló ń bà á lẹ́rù. Ó rò nípa abẹ́ igi máńgòrò, nípa ìjókòó tí Sunday dìde fún un. Ìyàwó rẹ̀ wò ó, kò bẹ̀ ẹ́. Bó bá bẹ̀ ẹ́, ó ṣeé ṣe kó bínú, kó sì lọ.

Kàsímù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa màrìwò náà yọ, ó jù ú sínú gọ́tà.

"Ẹ da dékìn yín," ó wí.

Kò sẹ́ni tó mira. Àwọn lébìrà dìde jókòó, wọ́n ń wo ojú ọ̀run àti ojú ọ̀nà. Kàsímù bọ́ agbádá péńpé rẹ̀, ó kọjú sí Kómlà.

"Uṣẹ́ wo ló kù?"

"Baba, ẹ ṣeun," Kómlà wí. Ó ń wá ọ̀rọ̀, Yorùbá rẹ̀ kò yá. "Òkè ti kún. Àwọn ọmọ mi ló wà lókè. Ìsàlẹ̀ ni ọwọ́ ò tó. Pípo nìkan ló kù."

Pípo ni iṣẹ́ ẹni tí kò kọ́ṣẹ́. Kàsímù fúnra rẹ̀ ti lé ọ̀pọ̀ ọmọ lọ síbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fi tírówẹ̀lì ṣeré. Ó mú ṣọ́bìrì kan nílẹ̀, ó ki í bọ inú òkìtì òkúta. Nígbà tí àwọn lébìrà rí i pé ọwọ́ rẹ̀ kò gan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dìde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Láti ìgbà náà títí di lẹ́yìn ìrun Àsárì ni wọ́n fi ṣe é. Yanrìn, sìmẹ́ńtì, òkúta, omi. Kàsímù ń po, ó ń bu. Khàdíjàt wà lára àwọn tó ń rù. Gbogbo ìgbà tó bá tún kàn án, á gbé páànù rẹ̀ síwájú ọkọ rẹ̀, ọkọ á bù ú kún, á bá a gbé e rù, á sì lọ. Lẹ́ẹ̀kan, Kàsímù bu ìwọ̀nba díẹ̀ sínú páànù rẹ̀, kí ó má baà wúwo. Khàdíjàt dúró síbẹ̀, kò lọ, àfi ìgbà tí ọkọ rẹ̀ bù ú kún bí ti àwọn yòókù.

Lókè, àwọn ọmọ Lomé ń fi pákó gígùn tẹ́ ẹ, wọ́n ń fi èdè wọn kọrin. Wọ́n mọ iṣẹ́ náà. Kàsímù gbójú sókè nígbà mélòó kan, ó rí ibi tí òun ìbá ti ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an, ó sì rí ibi kan tí òun kì bá ti ṣe dáadáa tó wọn. Ó rò ó nínú ara rẹ̀, ó dùn ún, ó ń po kọnkéré lọ.

Nígbà tó dà tán, Ládélé ra mínírà fún gbogbo ènìyàn. Kómlà san owó òkúta fún Khàdíjàt, pípé ni, kò yọ kọ́bọ̀ níbẹ̀. Gbémi yóò wọ ilé-ìwé. Ìyá rẹ̀ so owó náà mọ́ etí ìró, ó sì tún un so. Lẹ́yìn náà ni Kómlà na owó sí Kàsímù, iye tó fún lébìrà kọ̀ọ̀kan. Kàsímù wo owó náà. Kómlà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Òun náà ní àwọn ọmọ nílé; iṣẹ́ lébìrà ni Kàsímù ṣe, owó lébìrà ló sì fún un. Kàsímù gbà á, ó dúpẹ́.

Ọ̀nà abẹ́ igi máńgòrò nìkan ló lọ sí ilé wọn. Kàsímù ṣáájú, Khàdíjàt ń bọ̀ lẹ́yìn tòun ti páànù òfìfo. Gbogbo ẹgbẹ́ wà níbẹ̀, alága náà wà níbẹ̀ nínú aṣọ funfun rẹ̀. Ìròyìn ti ṣáájú wọn dé.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o," Kàsímù wí.

Ọmọ ayò ń dún nínú ọpọ́n. Kò sẹ́ni tó gbójú sókè.

Ó dúró. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má gbọ́. "Sunday, o kú ìrọ̀lẹ́."

Sunday tẹ orí ba, ó ń ka ọmọ ayò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò tíì rí ayò rí. Kàsímù dúró díẹ̀ sí i. Nígbà tó yá, ó ń lọ.

Khàdíjàt kan ibẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kò wù ú láti kí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n obìnrin ilé kì í kọjá níwájú àwọn àgbà láìkúnlẹ̀. Ó rọra kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o."

"Yèyé Gbémi!" Gbogbo wọn ló jẹ́ ẹ pọ̀, ohùn Bàbá Ṣògo ló sì ga jù. "Ẹ kú uṣẹ́, ẹ kú ùnáwó o! Ẹ tún bá wa fọ́ òkúta sílẹ̀ o, àwa náà máa rà."

Khàdíjàt dìde lórí eékún rẹ̀. Ó wo iwájú, ó rí ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ tó ń lọ, ó sì mọ̀ pé ó gbọ́. Ó yára kó lè bá a. Kàsímù náà fi kún ìrìn rẹ̀, kò fẹ́ kó rí ojú òun. Báyìí ni wọ́n ṣe rìn dé ilé, ọkọ níwájú, ìyàwó lẹ́yìn, owó ọmọ wọn létí ìró rẹ̀.